Ta ló mọ ẹni tí flu ì bá mú? Ìdáhùn sí olùkọ́ ìṣirò kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ìbéèrè: "Olùkọ́ ìṣirò ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹni ọdún 71 ni mí, Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mò ń gbé. Lọ́dún tó kọjá mo lọ kí ọmọ mi ní ìlú Ọba, wọ́n sì gún mi ní abẹ́rẹ́ flu níbẹ̀ nínú oṣù Kẹwàá. Oṣù Kejìlá ni mo padà sílé. Nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an nínú oṣù Kìíní, ọ̀fìnkìn, ikọ́ àti ara ríro dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Ọmọ mi ní kí n má bínú, pé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni abẹ́rẹ́ náà ń ṣiṣẹ́. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ títí, kò yé mi. Ṣé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó gbà á, ogójì ló bọ́, tí ọgọ́ta á ṣàìsàn ni? Ta ló kà wọ́n? Ta ló sì mọ ẹni tí ì bá ṣàìsàn tí kò ṣe é?"

Yèyé, ẹ kú ewu o. Ọjọ́ márùn-ún lórí ẹní kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni ọdún 71, mo sì dúpẹ́ pé ara ti yá. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ ni ẹ béèrè yìí: kí a máa ka àìsàn láàárín ìlú, kí a sì máa wádìí bóyá ohun tí a ń fún àwọn èèyàn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lóòótọ́. Ọmọ Èkìtì ni èmi náà, mo mọ̀ pé olùkọ́ ìṣirò kò ní gba "bẹ́ẹ̀ ló rí" lẹ́nu mi. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀.

Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun ni gbòǹgbò. Ta ló mọ ẹni tí ì bá ṣàìsàn tí kò ṣe é? Kò sí. Dókítà kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Bí flu, àìsàn ara gbígbóná àti ikọ́ tí kòkòrò influenza ń fà, bá bá ara tó ti gbára dì pàdé tó sì yà kúrò, kò ní kan ilẹ̀kùn kó ní òun ti wá. Ẹni tí abẹ́rẹ́ gbà sílẹ̀ ń lọ sọ́jà, ó ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, kò mọ̀ pé ohunkóhun fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí òun. Ẹni tó gbà á tó tún ṣàìsàn nìkan ló ní ìtàn tí yóò sọ. Ìdí nìyẹn tí etí wa fi kún fún "mo gbà á, ó ṣì mú mi," tí a kì í sì í gbọ́ "mo gbà á, kò mú mi." Nítorí náà, a kì í wá agbára abẹ́rẹ́ yìí lára ẹnì kan ṣoṣo. Àárín agbo èèyàn méjì la ti ń wá a.

Ẹ mú bírò. Ká ní 1,000 àgbàlagbà ní Ìkọ̀lé gba abẹ́rẹ́ náà, tí 1,000 mìíràn kò gbà á (èmi ni mo dá àwọn nọ́ńbà yìí sílẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn). Nígbà tí àsìkò flu fi máa kọjá, ó ti mú 100 nínú àwọn tí kò gbà á, ó sì ti mú 60 nínú àwọn tó gbà á. Ọgọ́ta fi ogójì dín sí ọgọ́rùn-ún. Ogójì tó dín yẹn ni "ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún" tí ọmọ yín sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyókù ìwé náà. Nínú 1,000 tó gba abẹ́rẹ́, 940 ni flu kò mú rárá. Nínú 1,000 tí kò gbà á, 900 ni kò mú. Ọgọ́ta aláìsàn nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹ rò, kò sí níbì kankan nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá lọ ra aṣọ, tí aláṣọ sọ pé òun yọ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò fún yín, ẹ kò tíì mọ iye tí ẹ máa san títí ẹ ó fi béèrè iye tó kọ́kọ́ pè é. Ẹ̀dín ni 40 yẹn, kì í ṣe iye owó. Iye tí aláṣọ kọ́kọ́ pè ni bí flu ṣe pọ̀ tó nílùú lọ́dún náà. Lọ́dún tó bá jà kíkankíkan, ẹ̀dín kan náà yóò gba èèyàn púpọ̀ sílẹ̀. Lọ́dún tó bá rọlẹ̀, yóò gba díẹ̀. Ó máa ń dùn mí pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ni a máa ń jù sí àwọn èèyàn, láìsọ fún wọn ohun tí a yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀.

Ìṣirò ti parí nìyẹn, Yèyé, ó rọrùn. Ibi tó ti le ni ìbéèrè kejì yín: ta ló kà wọ́n, àti àwọn wo ló kà?

Ẹ ronú sí àgbẹ̀ kan tó ní oko iṣu méjì. Ọ̀kan wà létí odò, ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó tutù. Èkejì wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè níbi tí àpáta ti yọrí. Ó da ajílẹ̀ sí ti etí odò nìkan. Nígbà tó wa iṣu tán, ó na ọwọ́ sí iṣu etí odò, ó ní, "Ẹ wo bí ajílẹ̀ yìí ṣe dára tó!" Kò sí àgbẹ̀ kan ní Èkìtì tí yóò gbà fún un. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti sàn jù tẹ́lẹ̀. Kí ó tó lè sọ̀rọ̀ ajílẹ̀, àfi kí ilẹ̀ méjèèjì jọra.

Àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ flu àti àwọn tí kì í gbà á, ilẹ̀ wọn kò jọra. Ẹ wo ara yín: ẹ ní ọmọ tó ń bójú tó yín, ẹ lókun débi pé ẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ìlú Ọba, ẹ ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò. Ẹ wá wo bàbá kan tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, tí gbogbo ilé ti mọ̀ pé ọjọ́ rẹ̀ ń lọ sópin. Ta ló máa gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ sórí ọ̀kadà torí abẹ́rẹ́ flu? Kò sí. Bí bàbá náà bá kú nínú ọyẹ́, ìwé á kà á mọ́ àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ á sì gba ìyìn tí kò tọ́ sí i.

Irú àṣìṣe yìí ta lu àwọn onímọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí lórí ìwádìí ń sọ pé àgbàlagbà tó bá gba abẹ́rẹ́ flu, ewu ikú rẹ̀ nígbà òtútù, ikúkíkú, ń dín kù ní ìdajì. Ó dùn létí. Ní ọdún 2005, Lone Simonsen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè ohun tí ẹ̀yin gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìṣirò ì bá béèrè: nínú gbogbo ikú àwọn àgbàlagbà nígbà òtútù, mélòó ni flu fúnra rẹ̀ ń fà? Kò tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Báwo wá ni abẹ́rẹ́ flu ṣe lè dènà ìdajì ikú tí flu kò fa ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀? Ìṣirò náà wó lulẹ̀ níbẹ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Lisa Jackson àti àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà ṣe ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ wa. Wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ àwọn àgbàlagbà wò, kì í ṣe ìgbà tí flu wà nílùú nìkan, bí kò ṣe kí ó tó dé pàápàá. Kí ni wọ́n rí? Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ti ń kú kéré gan-an ju àwọn tí kò gbà á lọ nígbà tí flu kò tíì wọ̀lú rárá. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì tilẹ̀ pọ̀ jù lọ ní àkókò yẹn. Abẹ́rẹ́ kò lè gbani lọ́wọ́ ọ̀tá tí kò tíì dé. Ìyẹn ni pé ìlera tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀ ni àwọn ìwádìí àtijọ́ ń wọ̀n, tí wọ́n ń pè é ní agbára abẹ́rẹ́. Bí obìnrin bá fẹ́ ra gàrí, tí kò fọkàn tán ẹni tó ń tà á, á kọ́kọ́ yí kóńgò náà padà kó wo ìdí rẹ̀ bóyá wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ wọnú. Ohun tí wọ́n ṣe ní Seattle nìyẹn: wọ́n yí kóńgò padà.

Kóńgò ni wọ́n bá lẹ́bi, Yèyé, kì í ṣe gàrí. Àwọn kan gbọ́ ìròyìn náà, wọ́n ní abẹ́rẹ́ kò wúlò. Ìwádìí náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé a kò tíì wọ̀n ọ́n dáadáa.

Ìtẹ̀sí náà sì lè lọ sí apá kejì. Ní ibi tí dókítà ti ń wá àwọn tó ní ikọ́ fée, ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn ọkàn kiri kí wọ́n lè gún wọn lábẹ́rẹ́ ṣáájú, àwọn tó gbà á gan-an ni àìsàn yóò tètè gbé ṣánlẹ̀. Abẹ́rẹ́ á wá gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀nà tó mọ́ jù láti bọ́ nínú gbogbo èyí ni ìbò. Ẹ kó àwọn èèyàn jọ, kí ìbò pín wọn sí méjì, kí ẹnikẹ́ni má yan ibi tó wù ú. Olówó àti tálákà, alágbára àti aláìlera, ìbò á tú wọn ká bákan náà. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn ní South Africa lọ́dún 2011 àti 2012 fún àwọn aboyún: àwọn kan gba abẹ́rẹ́ flu, àwọn kan gba omi iyọ̀ lásán, wọn ò mọ èwo làwọn gbà. Láàárín àwọn aboyún tí kò ní kòkòrò HIV, flu dín kù ní nǹkan bí ìdajì lára ìyá, ó sì dín kù ní nǹkan bí ìdajì lára ọmọ tuntun pẹ̀lú, ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò gún lábẹ́rẹ́ kankan, tó jẹ́ pé inú ìyá rẹ̀ ló ti gba ààbò. Lórí àwọn ẹgbẹ́ yín náà, ìwádìí oníbò kan wà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tó kó 31,989 èèyàn tó jẹ́ ẹni ọdún 65 sókè jọ. Gbogbo wọn ló gba abẹ́rẹ́, ìbò kàn pín wọn sí èyí tí wọ́n máa ń fún gbogbo èèyàn àti èyí tí ohun tó ń jí ara dìde nínú rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin. Flu tún fi nǹkan bí ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lára àwọn tó gba èyí tó lágbára.

Bí ìbò ṣe dára tó yìí, a kò lè máa ṣe é lọ́dọọdún. Abẹ́rẹ́ flu ń yí padà láti ọdún dé ọdún. Kí ìwádìí oníbò tó parí, ohun tó ń dánwò ti di ti àná. Níbi tí ìjọba bá sì ti ní kí àgbàlagbà gbà á, ẹ̀rí ọkàn kò ní jẹ́ kí a fún àwọn kan ní omi iyọ̀.

Ọ̀nà tí a wá ń gbà lónìí kálẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Kánádà. Ìpínlẹ̀ British Columbia ni Danuta Skowronski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán an wò ní àsìkò 2004 sí 2005. Ọgbọ́n inú rẹ̀ máa ń múnú mi dùn títí di òní, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gbé e wá sí Èkìtì kí a lè rí i dáadáa.

Ká ní a ṣètò rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Adó àti ní Ìdó, àti ní àwọn ilé ìwòsàn kékeré ní Ìkọ̀lé, Ọ̀mùò àti Ẹfọ̀n. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé pẹ̀lú ara gbígbóná àti ikọ́ tí kò tíì ju ọjọ́ méje lọ, nọ́ọ̀sì á fi igi olówùú gba ikun imú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe nígbà Kòrónà. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á béèrè bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ flu lọ́dún náà, wọ́n á yẹ káàdì rẹ̀ wò. Ikun imú á lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Àwọn kan á ní flu. Àwọn yòókù á ní nǹkan mìíràn, torí ó ju igba irú kòkòrò àìfojúrí lọ tó ń fa ọ̀fìnkìn àti ikọ́.

Àwọn tí àyẹ̀wò sọ pé kì í ṣe flu yìí ni ìṣúra ibẹ̀. Wọ́n ṣàìsàn, wọ́n dìde nílé, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú àwọn tó ní flu. Irú èèyàn kan náà ni wọ́n: àwọn tó máa ń wá sí ilé ìwòsàn bí ara kò bá yá. Bàbá orí bẹ́ẹ̀dì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kò sí nínú agbo kankan níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ flu kò sì lè dí ọ̀fìnkìn tí kì í ṣe flu lọ́wọ́, nítorí náà iye wọn tó ti gba abẹ́rẹ́ ń fi hàn wá bí abẹ́rẹ́ náà ṣe kárí láàárín irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Oko etí odò pẹ̀lú oko etí odò la wá ń fi wéra.

Ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú mi, àwọn nọ́ńbà yìí náà tún jẹ́ tèmi. Èèyàn 500 wá. 200 ní flu: 50 nínú wọn gba abẹ́rẹ́, 150 kò gbà á. 300 kò ní flu: 120 nínú wọn gba abẹ́rẹ́, 180 kò gbà á. Ẹ fi 150 pín 50, ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ fi 180 pín 120, ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹ wá fi èkejì pín àkọ́kọ́: ìdajì. Ewu tó ṣẹ́ kù fún ẹni tó gba abẹ́rẹ́ jẹ́ ìdajì ti ẹni tí kò gbà á. Ẹ yọ ìdajì kúrò nínú odindi, agbára abẹ́rẹ́ jẹ́ ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ò ní láti ka gbogbo ará ìlú. Ẹ ò ní láti mọ ẹni tó ṣàìsàn sílé tí kò jáde. Àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ti tó.

Kò ṣàìní àlèébù o. Bí ẹnì kan bá pẹ́ jù kó tó wá, flu lè ti kúrò ní imú rẹ̀, àyẹ̀wò á ní kò ní i, a ó sì kà á mọ́ agbo tí kì í ṣe tirẹ̀. Kòrónà tún da nǹkan rú: ẹni tó fẹ́ràn abẹ́rẹ́ sábà máa ń gba ti flu àti ti Kòrónà pọ̀, nítorí náà àwọn tí Kòrónà gbé wá sí ilé ìwòsàn sábà jẹ́ àwọn tí kò gba èyíkéyìí. Bí a bá fi wọ́n sínú agbo tí kò ní flu, agbára abẹ́rẹ́ flu á dà bí ẹni pé ó kéré ju bó ṣe rí lọ. Ó di dandan kí a yọ wọ́n sẹ́yìn. Bí iye aláìsàn bá sì kéré, ẹ má gba nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ́wọ́ wa, ẹ béèrè ibi tó lè sọ̀ kalẹ̀ dé àti ibi tó lè gòkè dé. Ní Amẹ́ríkà, ní àsìkò 2014 sí 2015, wọ́n ní ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ wọ́n fi kún un pé ó lè jẹ́ 10, ó lè jẹ́ 27. Ẹni tó bá sọ 19 fún yín tí kò sọ ìyókù, ó fi nǹkan pamọ́.

Ìyẹn mú mi dé ibi tí iye náà ti ń lọ sókè sódò. Ní Amẹ́ríkà kan náà, ìdá 10 ni wọ́n rí ní 2004 sí 2005, ìdá 60 ní 2010 sí 2011, ìdá 39 ní 2019 sí 2020. Kòkòrò flu ló ń pààrọ̀ aṣọ. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń ṣe é: abẹ́rẹ́ tí Thomas Francis àti Jonas Salk dán wò ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1943 ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ nígbà tó fi máa di 1947, kòkòrò ti yí padà, abẹ́rẹ́ sì di aláìlágbára. Láti 1952 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní àwọn yàrá àyẹ̀wò káàkiri ayé tó ń ṣọ́ ọ. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nínú oṣù Kejì àti oṣù Kẹsàn-án, ni wọ́n ń jókòó láti yan irú kòkòrò tí abẹ́rẹ́ tó ń bọ̀ yóò dojú kọ. Ó ń gba nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó ṣe é tán, inú ẹyin adìyẹ ni wọ́n sì ti ń sin púpọ̀ nínú rẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà yẹn kòkòrò lè tún yí padà nílùú, ó tilẹ̀ lè yí padà díẹ̀ nínú ẹyin náà. Nítorí náà ìdá 40 tí ọmọ yín sọ kì í ṣe àbùdá abẹ́rẹ́ títí ayé. Ọdún kan ni, ibì kan ni, láàárín ẹgbẹ́ kan ni.

Ó kù síbì kan tí ọ̀nà orí bẹ́ǹṣì kò lè dé. Abẹ́rẹ́ tí ẹnì kan gbà lè gba aládùúgbò rẹ̀ sílẹ̀. Ní Kánádà, àwọn ará ìjọ Hutterite ń gbé ní abúlé kéékèèké, wọ́n jọ ń dáko, wọ́n jọ ń jẹun, bí ìgbà tí ìdílé kan bá wà ní abà kan náà. Ní àsìkò 2008 sí 2009, ìbò pín àwọn abúlé náà: ní àwọn kan, àwọn ọmọdé gba abẹ́rẹ́ flu, ní àwọn kan, wọ́n gba abẹ́rẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́ kankan ni wọ́n lọ kà. Ní abúlé tí àwọn ọmọdé ti gba ti flu, flu fi ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lára àwọn yòókù. Nígbàkígbà tí mo bá rí àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ń wúkọ́ wọlé tọ ìyá àgbà wọn lọ, ìwádìí yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ ó wá bi mí pé: kí ni nọ́ńbà tiwa ní Èkìtì? Yèyé, ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí jù nìyí. Ìkáwọ́ wa ni ọ̀nà orí bẹ́ǹṣì wà, kò náni lówó púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni pé kí abẹ́rẹ́ náà wà nílùú. Flu kò sí lára àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ìjọba wa ń fún àwọn èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Èkejì ni pé kí a máa yẹ aláìsàn wò kí a tó sọ orúkọ àìsàn rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di dókítà, ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́, gbogbo ẹni tó bá wá pẹ̀lú ara gbígbóná ni a ń kọ "ibà" sí lórúkọ, a ó fún un lóògùn ibà, ó di ilé. Èmi náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Mélòó nínú wọn ló jẹ́ flu? Ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ kò lè sọ ọ́ láéláé. Láti ọdún 2008 ni orílẹ̀-èdè wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ikun imú àwọn aláìsàn ní àwọn ilé ìwòsàn díẹ̀ láti ṣọ́ flu. Bí irú rẹ̀ bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, a ó mọ oṣù tí flu ń jà ní Èkìtì gan-an, torí ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa kì í dúró de òtútù bí ó ṣe ń ṣe ní ìlú Ọba, a ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí àgbàlagbà gba abẹ́rẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ ti ara yín. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún yín kọ́ ló fún yín ní àìsàn; kòkòrò ààyè kò sí nínú èyí tí wọ́n ń gún fún ẹni ọjọ́ orí yín. Ṣé flu ló dá yín dùbúlẹ̀ nínú oṣù Kìíní? Ó lè jẹ́ òun, ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú igba yòókù. Kò sí dókítà tó lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n. Bó bá sì jẹ́ flu, oṣù mẹ́ta ti kọjá lẹ́yìn tí ẹ gba abẹ́rẹ́ náà, agbára rẹ̀ sì máa ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí oṣù ṣe ń gorí oṣù. Síbẹ̀ ẹ wà nílé, ẹ kò dé ilé ìwòsàn, ẹ kò sì nílò afẹ́fẹ́ àfikún. Ọ̀pọ̀ ìwádìí rí i pé ẹni tó gbà á tí flu tún mú kì í sábà dé yàrá àwọn tó wà lójú ikú bíi ti ẹni tí kò gbà á. Mi ò lè ṣe ẹ̀rí pé abẹ́rẹ́ ló ṣe é fún ẹ̀yin gan-an. Mo ti sọ fún yín níbẹ̀rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ ìyẹn nípa ẹnì kan ṣoṣo. Àmọ́ bí ìyá tèmi bá jẹ́ ẹni ọdún 71, màá jẹ́ kó gbà á lọ́dọọdún.

Bí ẹ kò bá lọ sí ìlú Ọba lọ́dún yìí, tí ẹ sì rí i rà nílé oògùn, ẹ kọ́kọ́ béèrè fíríìjì tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí àti ohun tí wọ́n ń ṣe bí iná bá lọ. Ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló gbọ́dọ̀ wà láti ilé iṣẹ́ tó ti jáde títí dé apá yín. Ó ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ara tó gbára dì, nítorí náà ẹ má dúró títí ọyẹ́ á fi dé. Bí ara bá tún gbóná lójijì pẹ̀lú ikọ́, ẹ má lo oògùn ibà lásán, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún ibà, torí oògùn flu tún wà tó jẹ́ pé tètè lò ló ń ṣiṣẹ́. Bí mímí bá ń nira, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Káàdì tí wọ́n fún yín ní ìlú Ọba, orúkọ abẹ́rẹ́ náà àti ọjọ́ tí ẹ gbà á wà lórí rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín, kí ó wà níbi tí omi òjò kò lè bà á jẹ́.